Àlọ Epo, Àbọ̀ Epo: Iṣẹ́ Táńkì Méjì Lábẹ́ Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́

Wọ́n ní kí n wá bá ẹ̀yin mekáníìkì àti ẹ̀yin rewáyà sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí àwọn àgbà inú yín ti fojú rí, tí àwọn mìíràn sì ti ṣépè fún: píkọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà àtijọ́ tó ní ẹnu epo méjì lára, tó ní súwíìṣì kékeré kan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ẹni tó rà á kò sì mọ táńkì tí ọkọ̀ ń mu nínú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé kí wọ́n dí ọ̀kan pa, kí wọ́n máa fi ìkejì rìn. N kò ní kí ẹ má dí i. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń dí.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀, ó kàn gùn díẹ̀ ni. Fífa epo láti inú táńkì méjì kò le. Ọmọ tó ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan lè ṣe é, kó sì ṣiṣẹ́. Ibi tó ti le ni ti epo tí ẹ́ńjìnnì kò lò, tó gbọ́dọ̀ padà sílé. Inú táńkì wo ló máa padà sí? Ìbéèrè yìí ló da àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ láàmú, nígbà tí wọ́n sì fi máa rí ìdáhùn tó dára sí i, àkókò táńkì kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Kí ló gbé táńkì kejì wá?

Amẹ́ríkà fẹ̀. Láti El Paso sí Houston, tí ìlú méjèèjì wà nínú ìpínlẹ̀ Texas kan ṣoṣo, ó tó nǹkan bíi 1,200 kìlómítà, apá ìwọ̀-oòrùn ojú ọ̀nà náà sì dá páropáro. Àgbẹ̀ tó di koríko màlúù sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, tàbí ẹni tó so kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ẹṣin mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì V8 ló fi ń wọ́ ẹrù náà. Èyí tí Ford ń pè ní 460, lítà 7.5 ni. Bí ó bá rin máìlì 10 lórí gálọ́ọ̀nù kan, ẹni tó ni ín á dúpẹ́. Bí a bá ṣírò rẹ̀ sí tiwa, lítà kan kò gbé e ju kìlómítà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Táńkì tó gba 70 lítà á gbé e dé nǹkan bíi 300 kìlómítà, ìyẹn nígbà tí ẹrù kò tíì wọ ọ́.

Táńkì kejì ti wà lára ohun tí oníbàárà lè fowó kún owó ọkọ̀ rà kí ọdún 1973 tó dé. Ọdún yẹn ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo èèyàn ń béèrè. Ní oṣù Kẹwàá, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń ta epo ní àwọn kò ní tà fún Amẹ́ríkà mọ́ nítorí ogun Ísírẹ́lì. Àgbá epo rọ̀bì tí owó rẹ̀ wà ní nǹkan bíi dọ́là 3 fò dé ẹ̀gbẹ́ẹ dọ́là 12 láàárín oṣù díẹ̀. Ìlà mọ́tò gùn ní ilé epo. Ààrẹ Nixon rọ àwọn onílé epo pé kí wọ́n má tà láti alẹ́ Sátidé títí di òru Sunday, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà ara ọkọ̀ ló ń sọ ọjọ́ tí onítọ̀hún lè ra epo. Àwa ní tiwa ń jayé nígbà náà: Nàìjíríà kò bá wọn lọ́wọ́ sí òfin yẹn, ó ń ta epo tirẹ̀ lọ, owó tó ti ibẹ̀ wọlé ni ìjọba sì rí fi san owó Údojì, ìyẹn àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. A kò tíì mọ̀ pé ìlà epo ń bọ̀ wá jókòó ti àwa náà.

Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní táńkì méjì á rọ epo kún méjèèjì lọ́jọ́ Ẹtì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó kù lójú lọ́jọ́ Sunday.

Ibo ni wọ́n ń gbé táńkì sí? Títí di 1972, inú ilé awakọ̀ gan-an ni táńkì píkọ́ọ̀pù General Motors wà, lẹ́yìn àga. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, á gbọ́ bí epo ṣe ń ru lẹ́yìn orí rẹ̀. Ní 1973, General Motors gbé e jáde sábẹ́ ọkọ̀, ó sì fi í sí ẹ̀gbẹ́, níta irin ṣásí. Ẹni tó bá san owó táńkì méjì á ní ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ẹ fi ibi yìí sọ́kàn, nítorí ó di ẹjọ́ nígbẹ̀yìn. Ford gba ọ̀nà mìíràn. Nínú àwọn F-150 àti F-250 tó jáde láàárín 1980 sí 1996, táńkì kan wà láàárín ọkọ̀, nínú irin ṣásí lápá ibi tí awakọ̀ jókòó sí, ìkejì wà lẹ́yìn pátápátá, ó kọjá ibi tí táyà ẹ̀yìn wà. Méjèèjì ti General Motors lè gba gálọ́ọ̀nù 40, ìyẹn 150 lítà. Àwọn Ford ọdún 1990 sókè lè gba nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 37, tó jẹ́ 140 lítà. Bí ó bá kún, epo yẹn nìkan wúwo tó ọgọ́rùn-ún kìlógíráàmù, bí ìgbà tí ọkùnrin onílé-ọtí kan jókòó sẹ́yìn tí kò sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbà kábúrétọ̀

Láyé kábúrétọ̀, pọ́ǹpù epo kò sí nínú táńkì. Ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n dè é mọ́. Káámúṣáàfù ló ń ti apá kékeré kan lára rẹ̀ lọ sókè lọ sílẹ̀, awọ inú pọ́ǹpù náà á sì máa fa epo láti ẹ̀yìn wá síwájú. Agbára tó fi ń tì í sínú kábúrétọ̀ kò ju PSI 4 sí 7 lọ. Láàárín pọ́ǹpù yìí àti táńkì méjèèjì ni fáàfù kan wà tó ní ẹnu mẹ́ta: ẹnu kan lọ sí táńkì kìíní, ọ̀kan lọ sí ìkejì, ìkẹta lọ sí pọ́ǹpù. Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn.

Nínú èyí tó pẹ́ jù, ọwọ́ ni awakọ̀ fi ń yí fáàfù yìí. Ọ̀pá rẹ̀ yọ sókè nílẹ̀ ọkọ̀ lẹ́bàá àga, kò ní wáyà kankan. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà mọ ìbátan rẹ̀: kọ́ọ̀kì abẹ́ táńkì tí à ń yí sí ibi tí wọ́n kọ RES sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ṣùgbọ́n táńkì kan náà ni ti ọ̀kadà. Páìpù tó ga àti èyí tó kúrú nínú táńkì ni kọ́ọ̀kì ń pààrọ̀. Ti píkọ́ọ̀pù yí láti ilé kan bọ́ sí òmíràn ni.

Nígbà tó yá, súwíìṣì dé. Wọ́n fi kọ́ìlì sínú fáàfù: bí iná bá wọ̀ ọ́, á fa irin inú rẹ̀, epo á máa ti táńkì kejì wá, bí iná bá kúrò, sípíríǹgì á dá irin padà, epo á máa ti táńkì kìíní wá. Mo fẹ́ràn ìlànà yìí gan-an. Bí wáyà bá já, bí fíùsì bá jó, ọkọ̀ kò ní dúró lójú ọ̀nà. Á kàn padà sí táńkì tó jẹ́ olórí. Ẹni tó ṣe é ti ronú kan ẹni tó máa wà á lóru.

Ẹ jẹ́ ká bá awakọ̀ kan jókòó. Ó ń lọ lórí táńkì kìíní, epo ibẹ̀ sì tán. Ẹ́ńjìnnì kò kú lójijì, torí epo díẹ̀ ṣì wà nínú abọ́ kábúrétọ̀. Agbára bẹ̀rẹ̀ sí í sá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wúkọ́. Ọkùnrin náà na ọwọ́, ó tẹ súwíìṣì. Kiní kan dún "kọ̀" lábẹ́ ọkọ̀. Pọ́ǹpù ti fa afẹ́fẹ́ sínú páìpù, ó ní láti fa á kọjá kí epo tuntun tó dé. Ó ń wúkọ́, ó ń wúkọ́, ẹ́ńjìnnì tún gbé ohùn rẹ̀, ọkọ̀ ń lọ. Kò dúró rárá. Àwọn kan mọ ìwúkọ́ yìí débi pé wọn kì í wo géèjì mọ́. Bí ó bá ti wúkọ́ ni wọ́n ń tẹ súwíìṣì. Kò burú nígbà kábúrétọ̀. Ẹ má dán an wò lára ọkọ̀ tí pọ́ǹpù rẹ̀ wà nínú táńkì. Epo tó yí pọ́ǹpù yẹn ká ló ń tù ú lára. Bí ó bá ń yí lórí òfìfo, kò ní pẹ́ tí á fi jó.

Ẹnìkan á bi mí pé, kí ló dé tí wọn kò kúkú fi páìpù so táńkì méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀, bí a ṣe ń rí i lára àwọn tírélà Mack àtijọ́? Ìbéèrè tó dára ni. Ti tírélà rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé táńkì méjèèjì dojú kọra, wọ́n sì ga bákan náà. Epo á dọ́gba fúnra rẹ̀. Táńkì Ford, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá gun òkè, gbogbo epo á ṣàn lọ sẹ́yìn. Páìpù tó bá sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ jù ni òkúta máa kọ́kọ́ bà. Dísù ló wà nínú ti tírélà. Bẹntiróòlù ló wà nínú tiwa yìí.

Géèjì kan, táńkì méjì

Ẹ̀yin rewáyà, ó kàn yín. Nínú táńkì kọ̀ọ̀kan ni ohun kan wà tó ń léfòó lójú epo. Apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó mọ́ wáyà tó ń dí iná lọ́wọ́. Bí epo ṣe ń lọ sílẹ̀ ni apá náà ń rìn lórí wáyà, iye ohm ń yí padà, ọwọ́ géèjì sì ń tẹ̀lé e. Géèjì kan ṣoṣo ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí náà súwíìṣì tó ń yí epo gbọ́dọ̀ yí wáyà géèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Awakọ̀ á rí i bí ọwọ́ géèjì ṣe ń rọra gbéra láti ìdajì lọ sí kíkún nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́.

Nínú àwọn General Motors yìí, táńkì tó ṣófo jẹ́ 0 ohm, èyí tó kún jẹ́ 90. Nínú Ford títí di 1986, òfìfo jẹ́ 73, kíkún jẹ́ 10. Láti 1987, Ford yí gbogbo rẹ̀ padà: òfìfo di 16, kíkún di 158. Ẹ jẹ́ kí èyí wọ̀ yín létí dáadáa. Bí ẹ bá yọ ti inú táńkì Ford 1984 fi sínú ti 1990, ìdàkejì ni géèjì á máa kà. Táńkì tó kún bámúbámú á ní òun ti gbẹ. Ọ̀pọ̀ wáyà tí kò jẹ gbèsè ni wọ́n ti já nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Àbọ̀

Epo tó ń padà ti wà lára àwọn ọkọ̀ kan kí ínjẹ́ṣọ̀n tó dé. Àwọn ọkọ̀ tó ń lo dísù ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: ẹ́ńjìnnì dísù 6.9 àti 7.3 tí ilé iṣẹ́ International ṣe fún Ford láti 1983 ń dá epo padà sí táńkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn píkọ́ọ̀pù kan tó ní kábúrétọ̀, tí wọ́n dá páìpù kẹta sí pọ́ǹpù wọn kí ooru má bàa sọ epo di atẹ́gùn lójú ọ̀nà. Fún irú àwọn wọ̀nyí, fáàfù ẹlẹ́nu mẹ́ta kò tó. Fáàfù ẹlẹ́nu mẹ́fà ni wọ́n lò, ti Pollak ni àwọn tó ń tún irú ọkọ̀ yìí ṣe mọ̀ jù. Ẹnu méjì fún epo tó ń bọ̀ láti táńkì méjèèjì, ẹnu kan fún èyí tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì. Ẹnu kan fún èyí tó ń ti ẹ́ńjìnnì bọ̀, ẹnu méjì fún èyí tó ń padà sí táńkì. Mọ́tò iná kékeré inú rẹ̀ ló ń yí i. Súwíìṣì kàn ń pààrọ̀ wáyà méjì ni: bí iná bá wọlé láti apá kan, mọ́tò á yí síbí, bí ó bá wọlé láti apá kejì, á yí sọ́hùn-ún. Nígbà tó bá yí tán, á dúró síbẹ̀, iná kò sì ní í ṣe mọ́.

Ó dára, ṣùgbọ́n àbùkù méjì ló ní. Wáyà géèjì gba inú fáàfù yìí kọjá. Bí ibi tí irin ti ń fara kan irin nínú rẹ̀ bá dọ̀tí, géèjì lè máa sọ̀rọ̀ táńkì iwájú nígbà tí ọkọ̀ ń mu ti ẹ̀yìn. Bí mọ́tò bá sì kú, fáàfù á dúró síbi tó wà. Kò ní olórí tí á padà sí bí ti kọ́ìlì tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbà tí ínjẹ́ṣọ̀n wọ píkọ́ọ̀pù bẹntiróòlù ni ọ̀rọ̀ wá gbóná. Ford fi í sára V8 5.0 rẹ̀ ní 1985. Ínjẹ́tọ̀ kì í gba PSI 5. Ó ń fẹ́ 30 sókè. Pọ́ǹpù tó wà lára ẹ́ńjìnnì kò lè ṣe é. Ford kọ́kọ́ fi pọ́ǹpù aláìlágbára sínú táńkì kọ̀ọ̀kan, ó sì de pọ́ǹpù alágbára kan mọ́ ṣásí. Pọ́ǹpù mẹ́ta lórí ọkọ̀ kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pọ́ǹpù ni ìṣòro. Ínjẹ́ṣọ̀n ń fẹ́ kí epo pọ̀ ju ohun tó nílò lọ nígbà gbogbo, kí agbára má bàa rẹlẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá ṣàdédé tẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Rẹ́gúlétọ̀ iwájú á jẹ́ kí ínjẹ́tọ̀ mu ìwọ̀n tirẹ̀, á dá ìyókù padà. Bí ọkọ̀ bá dúró nínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, epo tó ń padà pọ̀ ju èyí tó jó lọ fíìfíì. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń gbé ooru kúrò nínú páìpù.

Epo yìí gbọ́dọ̀ padà sí táńkì tó ti wá. Bí kò bá padà síbẹ̀, ó di ti ẹni tó ń bu omi mu nínú àmù kan, tó ń da ìyókù ife sínú àmù kejì: àmù kìíní á gbẹ, ìkejì á kún àkúnya, òùngbẹ á sì ṣì máa gbẹ ẹ́. Àmù ọ̀hún, omi ló máa dà sílẹ̀. Tiwa yìí, bẹntiróòlù ni, nítòsí páìpù èéfín tó gbóná.

Ẹ wo ohun tí Ford ṣe sí i ní 1990, nítorí ó wù mí láti ṣàlàyé rẹ̀. Ó yọ pọ́ǹpù ara ṣásí, ó yọ fáàfù, ó fi pọ́ǹpù alágbára sínú táńkì kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà, súwíìṣì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kò yí epo mọ́. Ńṣe ló ń yan pọ́ǹpù tí iná máa dé. Táńkì tí pọ́ǹpù rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ni ọkọ̀ ń mu. Ta ni wá ń darí àbọ̀? Nínú ike kan náà tí pọ́ǹpù wà nínú táńkì, wọ́n fi fáàfù kékeré kan sí i. Agbára epo tí pọ́ǹpù yẹn fúnra rẹ̀ ń tì jáde ló ń tì í ṣí, bí ó sì ti ń ṣí ọ̀nà àlọ ló ń ṣí ọ̀nà àbọ̀. Bí pọ́ǹpù bá dákẹ́, sípíríǹgì á ti méjèèjì pa. Páìpù àbọ̀ ti táńkì méjèèjì so pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọ̀kan ti wà ní títì, epo kò ní ibi tí á gbà ju ilé tó ti wá. Kò sí mọ́tò, kò sí kọ́ìlì, kò sí wáyà àfikún. Ẹni tó ro èyí gbọ́n.

Ohun tí kò rò dáadáa ni ọjọ́ ogbó. Rọ́bà kékeré tó ń dí ilẹ̀kùn yẹn wà nínú epo láàárọ̀ lálẹ́. Á le, á sán, ìdọ̀tí á há sí i. Ilẹ̀kùn tí kò bá wá tì dáadáa á máa jẹ́ kí díẹ̀díẹ̀ nínú àbọ̀ wọ táńkì tí kò yẹ. Awakọ̀ ń lọ lórí táńkì iwájú, táńkì ẹ̀yìn ń kún, kò sì mọ̀, nítorí ti iwájú ni géèjì ń kà fún un. Yóò kàn máa rò pé ọkọ̀ ti di olójúkòkòrò. Bí ó bá ti rọ epo kún táńkì ẹ̀yìn kó tó gbéra, epo á gba ẹnu táńkì jáde sára ọkọ̀, sórí ọ̀nà. Kì í ṣe ọkọ̀ ogbó nìkan ló ṣe é. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni Ford ti ní láti pe irú àwọn ọkọ̀ yìí padà wá fún àtúnṣe nítorí epo tó ń padà sí táńkì tí kò yẹ.

Iná ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀

Mo ní kí ẹ fi ibi tí General Motors gbé táńkì rẹ̀ sí sọ́kàn. Irin ṣásí ni egungun ọkọ̀. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ tó bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá egungun jà. Ohun tó bá wà níta rẹ̀ kò ní ju pépà páànù ara ọkọ̀ lọ láti fi dábòbò. Láti 1973 títí di 1987, táńkì àwọn píkọ́ọ̀pù ńlá General Motors wà níta, yálà ọkọ̀ náà ní ẹyọ kan tàbí méjì. Ẹni tó rà méjì kàn ní i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ni.

Àwọn èèyàn jóná. Ẹjọ́ pọ̀ ní kóòtù. Ní oṣù Kọkànlá 1992, ètò Dateline ti tẹlifíṣọ̀n NBC fi bí ọkọ̀ kan ṣe kọlu ẹ̀gbẹ́ irú píkọ́ọ̀pù yìí hàn, iná sì sọ. Ohun tí wọn kò sọ fún òǹwòran ni pé àwọn tó ṣe àdánwò náà ti de ohun ìtanná, irú èyí tí wọ́n fi ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì ìṣeré, mọ́ abẹ́ ọkọ̀, kí iná má bàa kọ̀. General Motors tú u fó, ó gbé NBC lọ sí kóòtù ní oṣù Kejì 1993, NBC sì tọrọ àforíjì lórí ètò kan náà. Michael Gartner tó jẹ́ ọ̀gá ìròyìn níbẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Lójú tèmi, irọ́ yẹn ló ba òtítọ́ jẹ́ jù lọ. Gbogbo aráyé ń sọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sì sẹ́ni tó tún ń béèrè ibi tí táńkì wà. General Motors tẹnu mọ́ ọn pé ọkọ̀ òun bá òfin ìjọba mu nígbà tí òun ṣe é. Ní oṣù Kẹwàá 1994, Federico Peña, mínísítà ètò ìrìnnà Amẹ́ríkà, sọ pé àléébù wà lára àwọn ọkọ̀ náà, pé nǹkan bí àádọ́jọ èèyàn ló ti bá a lọ. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn: General Motors gbà láti ná ju mílíọ̀nù dọ́là 51 lọ lórí ètò ààbò ojú pópó, wọn kò sì pe ọkọ̀ kankan padà. Píkọ́ọ̀pù tuntun tí ilé iṣẹ́ náà gbé jáde fún 1988 ti ní táńkì nínú irin ṣásí kí gbogbo ariwo yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ro ìyẹn wò.

Bí ó ṣe parí

Píkọ́ọ̀pù 1988 yẹn pa táńkì méjì tì, torí táńkì kan ṣoṣo tí wọ́n fi sí i lè gba gálọ́ọ̀nù 34 bí oníbàárà bá béèrè. F-150 náà pa á tì nígbà tí ẹ̀yà tuntun dé ní 1997. Ike ló jẹ́ kó ṣeé ṣe: irin pẹlẹbẹ kò ṣeé tẹ̀ sí gbogbo kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ike tí wọ́n bá yọ́ lè gba ìrísí àyè yòówù tó bá ṣófo lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ti ń jẹun níwọ̀nba, jíà sì ti pọ̀ sí i. Ohun tó kù ni òfin. Atẹ́gùn epo inú táńkì kò gbọ́dọ̀ fẹ́ síta. Agolo èédú ló ń gbà á mú, láti 1996 sì ni kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ bóyá ó ń jò. Táńkì méjì, ìdérí méjì, rọ́bà ìlọ́po méjì, ibi tó lè jò ìlọ́po méjì. Kò sí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ fara dà á nítorí ìrìn 300 kìlómítà.

Bí ọ̀kan bá wá wọ ọgbà yín, bóyá Ford 1990 sí 1996 tí ẹnìkan kó wọlé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ àti kílíìpù. Ẹ kọ́kọ́ yọ epo tó ti sùn nínú táńkì tí wọn kò lò, nítorí bẹntiróòlù tó bá pẹ́ á di ọ̀dà, omi á sì ti máa jẹ irin ìsàlẹ̀ táńkì. Ẹ da epo tuntun sí táńkì méjèèjì dé ìdajì, ẹ má rọ ọ̀kankan kún. Ẹ yí súwíìṣì sí iwájú, kí ẹnìkan dẹ etí sí abẹ́ ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́: pọ́ǹpù á kùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìn. Táńkì tí kò bá kùn, ẹ yẹ wáyà àti áàtì rẹ̀ wò kí ẹ tó dá pọ́ǹpù lẹ́bi.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ọwọ́ géèjì wà fún táńkì ẹ̀yìn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ padà sí iwájú, ẹ wa ọkọ̀ náà fún bíi wákàtí kan, tàbí kí ẹ jẹ́ kó dúró ṣiṣẹ́ níta gbangba, níbi tí iná kò sí. Ẹ tún yí súwíìṣì sí ẹ̀yìn, ẹ wo géèjì. Bí ó bá ti gòkè, àbọ̀ ń ṣìnà. Ibí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń náwó lásán, nítorí táńkì iwájú tí epo rẹ̀ ń sá lọ ni wọ́n máa ń tú. Kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Táńkì ẹ̀yìn tó ń gba epo tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì; òun ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ odindi ike inú rẹ̀, pọ́ǹpù àti fáàfù pọ̀, nítorí wọn kì í ta fáàfù yẹn lọ́tọ̀.